Kí orúkọ inú rìsíìtì bá ẹni tó ń sùn nínú yàrá mu

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú àìsùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí fúláàtì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dá owó jọ gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, àti wàhálà tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kó jáde, tí ẹlòmíràn sì fẹ́ bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn òbí tó ń fi owó ránṣẹ́ láti ilé, ó kan àwọn onílé, ó sì kan àwọn ejẹ́ǹtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ọ̀yọ́ náà yóò rí tiwọn bá nínú rẹ̀.

Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní LAUTECH, yunifásítì ìlú yìí, a gba fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ládùúgbò Under G tàbí ní Adéníkẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tó mọ ejẹ́ǹtì ni wọn yóò kó owó fún, òun ni yóò lọ san án, orúkọ tirẹ̀ nìkan ni wọn yóò sì kọ sínú rìsíìtì àti sínú àgírímẹ́ǹtì. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ojú ń ti kálukú láti bèèrè ìwé. Tó bá di ọdún kejì tàbí ìkẹta, ẹni tó lórúkọ nínú ìwé parí ẹ̀kọ́, wọ́n pè é sí àgùnbánirọ̀, ó di Sókótó. Owó ilé pé. Onílé yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò, ó ní ẹni tí òun fún nílé ti lọ, òun ò mọ àwọn méjì tó kù. Ó ní kí wọ́n san owó tuntun, àgírímẹ́ǹtì tuntun, kọmíṣọ́ọ̀nù tuntun, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lónìí. Ẹni tó ti sanwó yàrá yẹn fún ọdún mẹ́ta di àlejò nínú rẹ̀.

Ó lè má jẹ́ pé onílé yẹn burú. Ohun tó wà nínú ìwé ló ń sọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà nínú ìwé. Ojú bá ti yẹjú, ohùn a yẹ ohùn. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: nígbàkúùgbà tí èèyàn bá yí padà nínú ilé, kí wọ́n yí orúkọ inú ìwé padà ná, kí kọ́bọ̀ tó ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí owó ilé máa pé ló yẹ kí wọ́n ti jókòó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ni owó pé, inú oṣù Kẹfà ni kí kálukú ti sọ èrò ọkàn rẹ̀: ta ló ń dúró, ta ló ń lọ, ta ló ń lọ fún IT, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì máa padà? Ẹ má ṣe pa ẹni ìkẹta yìí pọ̀ mọ́ ẹni tó ń lọ pátápátá. Ẹni tó lọ ṣe IT oṣù mẹ́fà ṣì ni ayálégbé. Bó bá fi ẹlòmíràn sínú yàrá rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà yẹn, ó ń fi ilé onílé yá ẹlòmíràn ni, ọ̀pọ̀ àgírímẹ́ǹtì ló sì kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí ẹni tó fi sílé bá ba nǹkan jẹ́, ẹni tó wà lẹ́nu IT ni onílé máa mú. Ọdún ilé kì í sì í bá ọdún ẹ̀kọ́ rìn. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti ìlẹ̀kùn nítorí ìyanṣẹ́lódì, owó ilé ń jẹ lọ, kò sí onílé tó máa yọ oṣù ìyanṣẹ́lódì kúrò.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ bá onílé. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí bàbá tàbí màmá náà, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n tó gbé ìwé sílẹ̀. Ìwé tó bá dé láìsí ìkíni máa ń dà bí ìwé ẹjọ́ lójú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rí i pé ìwé náà dé o, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́fà sí i. Ojú ewé kan ti tó. Kí ó sọ àdírẹ́ẹ̀sì fúláàtì náà, orúkọ ẹni tó ń lọ àti ọjọ́ tó ń lọ, orúkọ ẹni tó ń bọ̀ àti ọjọ́ tó máa wọlé, pé àwọn tó kù kò kúrò, àti pé wọ́n ń bẹ onílé kó gbà á. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, ẹni tó ń lọ pẹ̀lú. Ẹ̀dà méjì ni kí wọ́n ṣe. Kí onílé tàbí ejẹ́ǹtì fọwọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kan pé òun ti rí i, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì tọ́jú ìyẹn. Bí onílé bá wà ní ìlú mìíràn, wọ́n lè ya fọ́tò ìwé náà kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n má sì pa èsì rẹ̀ rẹ́.

Kí ni onílé máa fẹ́ mọ̀ nípa ẹni tuntun? Ẹ̀ka tó wà àti ipele tó dé, káàdì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, orúkọ òbí tàbí alágbàtọ́ tí a lè pè, àti onídùúró kan. Gbogbo ìwọ̀nyí tọ́. Àmọ́ kí ẹni tuntun má ṣe máa fọ́n ẹ̀dà NIN rẹ̀ ká fún gbogbo ejẹ́ǹtì tó bá bá pàdé lójú ọ̀nà. Ẹni tí yóò kọ àgírímẹ́ǹtì nìkan ni kó fún.

Ó di ọ̀rọ̀ owó, ibi tí ìjà ti ń le jù. Ẹ jẹ́ kí á fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, ₦450,000 lọ́dún, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026. Yàrá ńlá tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ ń san ₦180,000, àwọn kékeré méjì ń san ₦135,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. (Àwọn tó ń pín in dọ́gba láìwo títóbi yàrá ń tọ́jú ìjà sílẹ̀ de ọjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ pààrọ̀, nítorí ẹni tuntun kò ní fẹ́ san owó yàrá ńlá fún yàrá kékeré.) Ẹni tó wà ní yàrá kékeré kan ń lọ ní ìparí oṣù Karùn-ún. Ó ti lo oṣù mẹ́jọ, ó ku mẹ́rin. ₦135,000 pín sí oṣù méjìlá jẹ́ ₦11,250. Ìyẹn ní ọ̀nà mẹ́rin jẹ́ ₦45,000. Iye tí ẹni tuntun máa san fún ẹni tó ń lọ nìyẹn, kò gbọdọ̀ lé. Àwọn kan máa ń gba ₦135,000 odidi lọ́wọ́ ẹni tuntun, wọ́n á sì dákẹ́ pé oṣù mẹ́rin péré ló kù. Òmíràn á tún fi owó bẹ́ẹ̀dì, páńkà àti sílíńdà gáàsì lé e lórí láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹrù jẹ́ ẹrù, owó ilé jẹ́ owó ilé. Ìwé méjì ni kí wọ́n fi kọ wọ́n.

Ẹ wo ohun tó wà níwájú ẹni tuntun náà. Ó san ₦45,000 ní oṣù Kẹfà, àsanlé mìíràn tún ń dúró dè é ní òpin oṣù Kẹsàn-án. Bí onílé bá sì ti fẹ́ fi owó kún un ńkọ́? Bí ₦450,000 bá di ₦540,000, yàrá ₦135,000 di ₦162,000 nìyẹn. Ẹni tó ń lọ lè ti gbọ́ nípa àfikún yìí kó sì pa á mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tuntun bèèrè iye ọdún tó ń bọ̀ lẹ́nu onílé fúnra rẹ̀, kí ó tó fi owó sílẹ̀. Òbí tó bá rí ₦45,000 tó rò pé owó ọdún kan ni, yóò bú sẹ́kún ní oṣù Kẹsàn-án.

Ìdẹkùn kan tún wà níbẹ̀. Àwọn ejẹ́ǹtì kan máa ń gba owó ọdún kan gbáko lọ́wọ́ ẹni tuntun láti ọjọ́ tó wọlé. Yàrá kan á wá máa pé ní oṣù Karùn-ún, méjì tó kù á máa pé ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí onílé bá fẹ́ tún ilé ṣe, tàbí tó fẹ́ fi owó kún un, kò sí ọjọ́ tí gbogbo ilé bára mu mọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo yàrá ní ọjọ́ kan náà. Bákan náà ni ti ẹni tó bá san owó lẹ́yìn ọjọ́: bí owó ilé bá pé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, tí wọ́n wá san án ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Kí ayálégbé má retí pé oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa kà á láti ibẹ̀.

Nípa ti ejẹ́ǹtì, mo fẹ́ bá wọn sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà fún àgírímẹ́ǹtì, ìdá mẹ́wàá mìíràn fún kọmíṣọ́ọ̀nù, ọdún tí èèyàn bá kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n sì ń gbà á. Lórí ₦450,000, ₦90,000 nìyẹn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wọlé, tí méjì tó ti sanwó yìí tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìpín ẹni tuntun ni kí wọ́n ṣírò lé: ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ₦135,000 jẹ́ ₦27,000. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló wá ẹni tuntun rí, ejẹ́ǹtì kò wá ayálégbé kankan, owó kíkọ ìwé ló tọ́ sí i. Kí ló dé tí ẹni tí kò kúrò nínú ilé yóò fi san kọmíṣọ́ọ̀nù ilé tó wà nínú rẹ̀? Ìwà yìí ló ń mú kí àwọn ọmọ máa fi ẹni tuntun pamọ́ fún onílé, tí wọ́n á ní àbúrò àwọn ni, ó wá kí àwọn. Ọjọ́ tí onílé bá sì mọ̀, gbogbo wọn ló ń rí ìbínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo rìsíìtì náà dáadáa. Rìsíìtì tó dára máa ń kà báyìí: «Mo gba ₦135,000 lọ́wọ́ Lágbájá, tí í ṣe ìpín tirẹ̀ nínú owó fúláàtì oníyàrá mẹ́ta tó wà ní òkè, apá ọ̀tún, ní àdírẹ́ẹ̀sì báyìí, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026.» Lẹ́yìn náà, orúkọ ẹni tó gbowó, ìbuwọ́lù rẹ̀, àti ọjọ́. Bó bá jẹ́ ejẹ́ǹtì ló gbà á, kí ó kọ pé ní orúkọ onílé ni òun gbà á, kí ó sì dárúkọ onílé. Rìsíìtì tó kàn sọ pé «owó ilé» láìsí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí kò yàtọ̀ sí bébà tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà. Bí wọ́n bá fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, kí wọ́n kọ ohun tí owó náà wà fún sí ibi àlàyé: orúkọ, yàrá, ọdún. Bí ẹnì kan bá sì gbọ́dọ̀ kó owó gbogbo wọn lọ san, kí wọ́n bẹ onílé kó kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìpín kálukú sínú rìsíìtì kan ṣoṣo náà.

Orúkọ mẹ́ta nínú ìwé kan ní ojúṣe tirẹ̀ o. Bí àgírímẹ́ǹtì bá sọ pé àwọn ayálégbé jẹ gbèsè owó ilé lápapọ̀ àti lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, onílé lè mú ẹyọ kan nínú wọn fún odidi owó tí ẹni kejì kò san. Àwọn ọmọ kì í ka ìlà yẹn. Bí onílé bá gbà, ohun tó dára jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kí wọ́n kọ ọ́ pé ìpín yàrá tirẹ̀ ni kálukú jẹ, kí pálọ̀, ilé ìdáná àti ìlẹ̀kùn àbáwọlé jẹ́ ti gbogbo wọn. Bí kò bá gbà, ó kéré tán kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Ìdí kan náà ló mú kí ẹni tó ń lọ nílò ìwé ìdásílẹ̀. Bó bá kàn palẹ̀ ẹrù mọ́ tó lọ, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí àwọn tó kù kò bá sanwó lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé onílé lè máa wá a kiri dé ibi tó ti ń sìnrú ìlú. Ìlà kan láti ọwọ́ onílé ti tó: pé láti ọjọ́ báyìí, Lágbájá kì í ṣe ayálégbé fúláàtì yìí mọ́, kò sì jẹ owó ilé kankan.

Owó ìdúró tí onílé gbà sọ́wọ́ nítorí ìbàjẹ́, tí àwọn ejẹ́ǹtì ń pè ní kọ́ṣọ̀n, máa ń dá ìjà tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ fẹ́ gba tirẹ̀, onílé ní ilé kò tíì ṣófo. Ọ̀nà méjì ló wà. Kí onílé dá a padà fún ẹni tó ń lọ kó sì gba òmíràn lọ́wọ́ ẹni tuntun, tàbí kí ẹni tuntun san án fún ẹni tó ń lọ, kí onílé sì kọ ọ́ pé ti ẹni tuntun ló wà lọ́wọ́ òun báyìí. Ọ̀nà kejì rọrùn jù, ṣùgbọ́n ẹni tuntun lè máa ra ìbàjẹ́ ẹlòmíràn láìmọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n jọ yí ilé ká ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó ń lọ, ẹni tó ń bọ̀ àti ejẹ́ǹtì tàbí onílé, ní ọ̀sán tí iná wà. Kí wọ́n ka gíláàsì lúfà ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n wo síílìnì bóyá omi òjò ti fi àmì pupa sí i. Kí wọ́n ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fa omi ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n dúró wò ó bóyá ó tún kún àti bóyá ó ń jò ní ìdí. Kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì kọ àbùkù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tó ti bàjẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ẹni tó ń lọ.

Mítà iná nìkan lè fa ohun tí owó ilé kò fà. Orúkọ onílé ló sábà máa ń wà lórí àkáǹtì IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, àwọn tó wà nílé ló sì ń ra tókìn onínọ́ńbà ogún. Ní ọjọ́ ìkójáde, kí wọ́n tẹ mítà wo yúnítì tó kù, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹni tuntun san ìpín tirẹ̀ nínú ohun tó bá kù bí wọ́n bá fẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni gbèsè. Bí gbèsè bá wà lórí àkáǹtì náà, wọn yóò máa gé e nínú owó tí ẹ bá fi ra iná: ẹ san ₦5,000, yúnítì tó wọlé kò tó ₦5,000. Ẹ wo rìsíìtì tókìn tó kẹ́yìn, ibẹ̀ lẹ ó ti rí iye tí wọ́n gé. Bí kò bá yé yín, kí ẹnì kan mú nọ́ńbà mítà lọ sí ọ́fíìsì IBEDC kó bèèrè iye tó wà nílẹ̀. Mítà tí wọn kò bá sì fi nọ́ńbà ìmúdójúìwọ̀n méjì tí iléeṣẹ́ iná ń fúnni (KCT) sí láti ìgbà tí ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ti kọjá kì í gba tókìn mọ́, àfi kí wọ́n tẹ méjèèjì náà, onínọ́ńbà ogún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó tẹ tókìn tuntun. Ilé tó bá ti wà ní títì pa láti ìgbà yẹn lè bá èyí pàdé. Níbi tí kò sí mítà, tí bíìlì ń wá, kí wọ́n pín in dé ọjọ́ ìkójáde, kí wọ́n san án kí ẹrù tó jáde. Owó omi bohóòlù, owó kólẹ̀kódọ̀tí àti owó ọlọ́dẹ, bákan náà ni.

Bí onílé bá ti kú ńkọ́? Ẹ má ṣe sanwó fún ọmọ tó bá kọ́kọ́ wá kanlẹ̀kùn. Ẹ ní kí ẹbí kọ ìwé pé lágbájá ni ká máa sanwó fún, kí ó ju ẹnì kan lọ tó fọwọ́ sí i. Ayálégbé tó bá san fún ọmọ kan lè tún san fún èkejì.

Àwọn onílé tó sì ń halẹ̀ pé «ẹ kó jáde lọ́la» nítorí pé wọ́n rí ojú tuntun, kí wọ́n rọra. Ayálégbé ọlọ́dọọdún, bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ ohun mìíràn, ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i, lẹ́yìn ìyẹn ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn ìyẹn ilé ẹjọ́. Kò sí ibi tí ó bófin mu pé kí onílé yọ ìlẹ̀kùn tàbí kó ti àgádágodo pa ayálégbé mọ́ta láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Àmọ́ ààbò yìí, ẹni tó lè fi hàn pé òun ni ayálégbé ló rọrùn fún láti dúró lórí rẹ̀. Ẹni tí kò ní orúkọ nínú ìwé, tí kò ní rìsíìtì, tí gbogbo owó rẹ̀ gba ọwọ́ ọ̀rẹ́ kọjá, yóò ṣiṣẹ́ gidigidi kí ó tó fi hàn.

Ó ku kọ́kọ́rọ́. Kí ẹni tó ń lọ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ti géètì, ti àbáwọlé, ti yàrá àti ti àpótí mítà, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ọjọ́ ìkójáde. Kí ẹni tuntun pààrọ̀ àgádágodo yàrá tirẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kò sí ẹni tó mọ iye èèyàn tí wọ́n ti bá gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
tó ń bá ayálégbé àti onílé kọ àgírímẹ́ǹtì,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.